Evelyn Preer: kí ló kù nínú iṣẹ́ rẹ̀, báwo ló sì ṣe yẹ ká wò ó?

Àkàǹbí_Òṣogbo

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin àgbà. Ẹgbẹ́ wa fẹ́ fi *Within Our Gates*, fíìmù aláìlóhùn tí Oscar Micheaux, adúláwọ̀ ará Amẹ́ríkà, ṣe ní 1920, han àwọn ọ̀dọ́. Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa Evelyn Preer, obìnrin adúláwọ̀ tó ṣe Sylvia Landry nínú rẹ̀, kí fíìmù tó bẹ̀rẹ̀. Ohun mẹ́rin ló ta kókó sí mi lọ́wọ́. Àkọ́kọ́, fíìmù wo ló ṣe, èwo la ṣì lè rí? Èkejì, nínú ẹ̀dà kan tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ńṣe ni gbogbo wọn ń rìn bí ẹni tí iná ń jó lẹ́sẹ̀. Ẹ̀kẹta, ṣé Micheaux ló kọ ọ̀rọ̀ tó ń hàn lójú káàdì tí wọ́n ń fi sáàárín àwòrán lóòótọ́? Ẹ̀kẹrin, ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ ní àṣejù pọ̀ nínú eré Preer. Kí ni kí n dá a lóhùn?

Ìyá_Sinimá

Àkàǹbí, o kú iṣẹ́. Jẹ́ kí n mú àkọ́kọ́.

Vicksburg ní Mississippi ni wọ́n ti bí i ní 1896, Evelyn Jarvis ni wọ́n sì ń pè é nígbà náà. Nígbà tí bàbá rẹ̀ kú, ìyá rẹ̀ mú un lọ sí Chicago. Chicago yìí ni Micheaux náà fi ṣe ibùjókòó iṣẹ́. Àgbẹ̀ ni Micheaux ní South Dakota tẹ́lẹ̀. Ó kọ ìwé ìtàn *The Homesteader* ní 1917, Lincoln Motion Picture Company sì fẹ́ sọ ọ́ di fíìmù. Micheaux ní àfi kí òun darí rẹ̀ fúnra òun. Wọn ò gbà, ló bá dá ilé iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀. *The Homesteader* jáde ní Chicago ní oṣù kejì ọdún 1919, Preer sì ni Orlean nínú rẹ̀. Ibẹ̀ ni orúkọ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í dún.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe tẹ̀ lé ara wọn: *Within Our Gates* àti *The Brute* ní 1920, *The Gunsaulus Mystery* ní 1921, *Deceit* ní 1923, *Birthright* ní 1924, *The Conjure Woman* àti *The Devil's Disciple* ní 1926, kí *The Spider's Web* tó wá kàn. Nínú gbogbo èyí tó ṣe fún Micheaux, ẹyọ kan ṣoṣo ló wà fún wa láti wò, òun náà lẹ fẹ́ fi hàn yẹn. Micheaux ṣe ju 20 fíìmù aláìlóhùn lọ, mẹ́ta péré ló sì kù: *Within Our Gates*, *The Symbol of the Unconquered* (1920) àti *Body and Soul* (1925). Iris Hall ni obìnrin tó léwájú nínú èkejì, Julia Theresa Russell ló wà nínú ẹ̀kẹta. Nítorí náà, bí o bá rí ẹni tó fi àwòrán *Body and Soul* sábẹ́ orúkọ Preer, mọ̀ pé kò wo fíìmù náà.

Ohun tí mo fẹ́ kí o tẹnu mọ́ ni pé fíìmù kọ́ ló ń bọ́ ọ. Orí ìtàgé ni oúnjẹ rẹ̀ wà. Ó wọ ẹgbẹ́ Lafayette Players ní 1920. Anita Bush ló bẹ̀rẹ̀ ẹgbẹ́ yẹn ní New York ní 1915, eré gidi ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀, kì í ṣe àwàdà àti ijó nìkan tí àwọn onítíátà òyìnbó rò pé adúláwọ̀ mọ̀. Ní oṣù karùn-ún 1923 ó wà pẹ̀lú Ethiopian Art Players ní Frazee Theatre, Broadway, àdúgbò ìtàgé ńlá ní New York, níbi tó ti ṣe Salome nínú eré tó ń jẹ́ orúkọ yẹn. Ìgbà yẹn kan náà ni ẹgbẹ́ náà gbé *The Chip Woman's Fortune* ti Willis Richardson jáde, eré tí kì í ṣe olórin àkọ́kọ́ tí adúláwọ̀ kọ tó dé Broadway. Ní 1926 ó wà nínú *Lulu Belle* tí David Belasco gbé jáde, ní 1927 ó wà nínú *Rang Tang*. Ó tún kọrin sínú àwo pẹ̀lú Duke Ellington àti Red Nichols, àwọn olórin jazz.

Bí o bá ka ọdún wọ̀nyí pọ̀, wàá rí i pé àárín eré ìtàgé méjì ló ń fi fíìmù sí. Fíìmù Micheaux kì í pẹ́ ní yíyà, owó rẹ̀ ò sì pọ̀.

Ẹ̀rọ_Aláfọwọ́yí

Ẹ kú àlàyé, Ìyá. Èkejì ni tèmi, ọ̀rọ̀ ìsáré yẹn.

Ọwọ́ ni wọ́n fi ń yí kámẹ́rà nígbà yẹn. Bí ẹni tó ń yà á bá yí ọwọ́ ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kan, àwòrán 8 ló wọ inú fíìmù. Bó bá yí i lẹ́ẹ̀mejì ní ìṣẹ́jú àáyá kan, àwòrán 16 nìyẹn. Nígbà tó fi máa di 1920, ọ̀pọ̀ ti ń yí i sáré ju bẹ́ẹ̀ lọ, 18 tàbí 20. Nígbà tí ohùn dé, wọ́n fi í sí 24 gbọingbọin, nítorí pé bí ìyára bá ń yí padà, ohùn á máa lọ sókè sódò. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá gbé fíìmù tí wọ́n yà ní 18 sórí ẹ̀rọ tó ń fi 24 hàn, gbogbo ìrìn á fi ìdá kan nínú mẹ́ta yára sí i. Àṣìṣe yìí kì í ṣe ti òṣèré rárá.

Ìṣirò rẹ̀ rọrùn. Ẹsẹ̀ bàtà kan nínú fíìmù 35 mm gba àwòrán 16. Ríìlì kan, ìyẹn kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń ká fíìmù sí, tó kún jẹ́ 1,000 ẹsẹ̀ bàtà, ìyẹn àwòrán 16,000. Ní 16, ìṣẹ́jú 16 àti àáyá 40 ló máa gbà. Ní 18, ìṣẹ́jú 14 àti àáyá 49. Ní 20, ìṣẹ́jú 13 àti àáyá 20. Ní 24, ìṣẹ́jú 11 àti àáyá 7.

Kí o tó fọwọ́ kan ohunkóhun, yẹ ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ rẹ wò ná. Ṣí i nínú VLC, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń wo fídíò, dá a dúró níbi tí ẹnì kan ti ń rìn kọjá, kí o wá máa tẹ lẹ́tà E, àwòrán kọ̀ọ̀kan á máa tẹ̀ síwájú. Bí àwòrán kan bá ń tún ara rẹ̀ sọ nínú mẹ́rin mẹ́rin, ẹni tó ṣe ẹ̀dà náà ti fa 18 di 24, ó ti tọ́ nìyẹn, má ṣe dín in kù mọ́. Bó bá jẹ́ ọ̀kan nínú mẹ́ta mẹ́ta, 16 ni wọ́n fà. Ọ̀kan nínú mẹ́fà mẹ́fà, 20 ni. Bí kò bá sí èyí tó tún ara rẹ̀ sọ rárá, tí ìrìn sì yára, wọ́n kàn da gbogbo rẹ̀ sórí 24 ni. Dín ìyára kù sí 0.75, ó di 18. 0.83 á fún ọ ní 20.

Má ṣe fi ìrìn ènìyàn nìkan wọ̀n ọ́n, torí pé òṣèré lè mọ̀ọ́mọ̀ yára. Wo ohun tí kò mọ̀ pé wọ́n ń ya òun: aṣọ tó ń bọ́ sílẹ̀, ẹ̀fúùfù lára igi, eruku lẹ́sẹ̀ ẹṣin. Nínú fíìmù yìí, ibi tí Emil, ọmọ kékeré yẹn, ti gun ẹṣin sá lọ dára fún un. Bó bá tún jẹ́ pé ojú ibì kan tọ́ tí ibòmíràn yára, má bínú sí ẹ̀dà náà. Ọwọ́ ẹni tó ń yí kámẹ́rà kò dọ́gba láàárọ̀ àti lálẹ́.

Àkàǹbí_Òṣogbo

Ẹ ṣeun gan-an, ọ̀gá. Mo ti yẹ̀ ẹ́ wò báyìí, kò sí àwòrán kankan tó tún ara rẹ̀ sọ. Mo fi í sí 0.75, ojú Sylvia wá dá yàtọ̀ pátápátá! Tí mo bá dín in kù báyìí, orin tó wà lábẹ́ rẹ̀ ńkọ́?

Ẹ̀rọ_Aláfọwọ́yí

Orin náà á bàjẹ́, pa á. Ohùn tí wọ́n lẹ̀ mọ́ 24 kò bá 18 rìn. Wá nǹkan mìíràn tì í lábẹ́, tàbí kí ẹ ní ẹni tó ń lu dùùrù níbẹ̀ gan-an, torí bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe ń wò ó nígbà náà. Erskine Tate ló ń darí ẹgbẹ́ olórin ní Vendome Theatre ní Chicago, níbi tí wọ́n ti kọ́kọ́ fi fíìmù yìí hàn. Má gbàgbé pé fíìmù náà ti bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, àmọ́ orin tuntun tí wọ́n fi sí ẹ̀dà tí wọ́n ń tà kò bọ́. Bí ẹ bá máa gba owó lẹ́nu ọ̀nà, èyí ṣe pàtàkì.

Ọmọ_Ìwé_Ìpamọ́

Ẹ jẹ́ kí n dá sí ọ̀rọ̀ káàdì, torí ibẹ̀ ni àwọn ènìyàn ti máa ń ṣi Preer gbọ́ jù.

Fíìmù yìí sọnù fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ibi tí wọ́n ti wá rí ẹ̀dà kan ni Filmoteca Española, ibi ìpamọ́ fíìmù Sípéènì, ní Madrid. *La Negra* ni wọ́n kọ sí i lára, èdè Sípéènì sì ni gbogbo káàdì rẹ̀. Káàdì Gẹ̀ẹ́sì mẹ́rin péré ni ọwọ́ wọn tẹ̀ nínú ti àtilẹ̀wá. Ibì kan ní àárín ti sọnù, káàdì kan ni wọ́n fi ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tí Library of Congress, ilé ìkàwé ìjọba Amẹ́ríkà, tún un ṣe ní 1993, Scott Simmon ló tú ti Sípéènì padà sí Gẹ̀ẹ́sì. Ó fi ọ̀nà tí Micheaux ń gbà kọ̀wé, nínú ìwé ìtàn rẹ̀ àti nínú káàdì *Body and Soul*, ṣe òsùwọ̀n.

Nítorí náà ìdáhùn rẹ nìyí: ìtàn àti ètò rẹ̀ jẹ́ ti Micheaux, gbólóhùn rẹ̀ ti gba ọwọ́ méjì kọjá. Bí ẹ bá ń wò ó, ẹ má sọ pé "Micheaux sọ báyìí pé" kí ẹ sì wá ka káàdì kan sókè. Ohun tí ẹ lè gbára lé ni ojú àti ọwọ́ Preer. Ìyẹn ò gba ọwọ́ atúmọ̀ èdè kankan.

Ibòmíràn tún wà tí káàdì ń ba òṣèré jẹ́. Ẹni tó gé ẹ̀dà náà ló ń pinnu ibi tí káàdì máa já sí. Bí ó bá já síbẹ̀ kí ẹnu òṣèré tó là, a máa ń dúró de ọ̀rọ̀ tí a ti kà tán. Bí ó bá pẹ́ jù, a ti rí ìbẹ̀rù lójú rẹ̀ kí a tó mọ ohun tó ń bà á lẹ́rù. Èyí àkọ́kọ́ ló máa ń jẹ́ kí eré dà bí àṣejù.

Abẹ́_Ìgbìmọ̀

Ẹ fi ti àwọn tó gé e kún un o. Ọjọ́ 12 oṣù kìn-ín-ní 1920 ni fíìmù náà bọ́ síta ní Vendome. Kò tíì pé ọdún kan tí ìjà ẹlẹ́yàmẹ̀yà Chicago ṣẹlẹ̀, ti oṣù keje àti ìkẹjọ 1919, níbi tí ènìyàn 38 ti kú: adúláwọ̀ 23, òyìnbó 15. Fíìmù yìí wá ń fi hàn bí èrò ṣe so tọkọtaya Landry, àwọn tó gba Sylvia tọ́, rọ̀ tí wọ́n sì dáná sun wọ́n. Àwọn kan ní ìlú, òyìnbó àti adúláwọ̀, ní kí wọ́n má fi hàn. Ìgbìmọ̀ tó ń yẹ fíìmù wò kọ́kọ́ kọ̀ ọ́, kí wọ́n tó wá gbà á. Ìròyìn ìgbà náà sọ pé 1,200 ẹsẹ̀ bàtà ni wọ́n gé kúrò.

Bí ọ̀gá Aláfọwọ́yí ṣe ṣírò rẹ̀ lókè, 1,200 ẹsẹ̀ bàtà jẹ́ ogún ìṣẹ́jú ní 16, tàbí ìṣẹ́jú 16 ní 20. Ọ̀pọ̀ ìran lọ síbẹ̀! Ìlú kọ̀ọ̀kan ló tún ní ìgbìmọ̀ tirẹ̀. Ara ẹ̀dà tó dé ọ̀dọ̀ wọn gan-an ni wọ́n ti ń fi sísọ́ọ̀sì gé e, wọ́n á ha ojú rẹ̀, wọ́n á fi gọ́ọ̀mù lẹ ojú méjèèjì pọ̀. Ibi tí wọ́n lẹ̀ yẹn ló máa ń fò nígbà tí ẹ bá ń wò ó: òṣèré wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ìṣẹ́jú àáyá kejì ó ti wà nílẹ̀.

Ẹ ṣọ́ ìran tí Conrad, àfẹ́sọ́nà rẹ̀, ti fún un lọ́rùn. Ó ṣẹlẹ̀ wàrà, ó tán wàrà. Ẹni tó bá ní Preer kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣubú, kó kọ́kọ́ wo ibi tí ìran ti fò.

Ríìlì mẹ́jọ ni Micheaux polówó. Ẹ̀dà tí gbogbo wa ń wò jẹ́ nǹkan bí ìṣẹ́jú 79. Ká ní ní 20 ni, 79 ní ọ̀nà 60 ní ọ̀nà 20, kí a pín in sí 16, jẹ́ 5,925 ẹsẹ̀ bàtà. Kò tó ríìlì mẹ́fà. Òótọ́ ni pé ríìlì tí wọ́n bá polówó kì í sábà kún, àmọ́ àlàfo ibẹ̀ pọ̀.

Àtíkè_àti_Iná

Kò tíì sẹ́ni tó sọ ti fíìmù fúnra rẹ̀, ohun tó wà nínú kámẹ́rà. Orthochromatic ni wọ́n ń lò. Ó ń rí búlúù àti àwọ̀ ewé, kò rí pupa rárá. Ohun pupa á di dúdú, ojú ọ̀run búlúù á di funfun gbáú. Ètè tí wọ́n fi ọ̀dà pupa kùn á dúdú bí ẹni tó mu yíǹkì, ìdí nìyẹn tí òṣèré tó mọṣẹ́ fi máa ń rọra kùn ún. Awọ ara tó ní pupa nínú, bíi ti ọ̀pọ̀ nínú wa, á tún dúdú ju bí ojú ṣe rí i lọ.

Ẹ wá wo ìṣòro ẹni tó ń ya fíìmù adúláwọ̀: nínú yàrá kan náà, òṣèré pupa rẹ́súrẹ́sú wà, adúmáadán wà, ògiri funfun wà lẹ́yìn wọn. Ìwọ̀n iná kan ṣoṣo ló lè fi sí i, kò sì sí ẹ̀rọ tó ń wọn iná lọ́wọ́ rẹ̀, ojú ló fi ń wọ̀n. Bó bá wọ̀n ọ́n fún ògiri, ojú adúmáadán á sọnù. Bó bá wọ̀n ọ́n fún adúmáadán, ẹni pupa á di funfun, ògiri á sì máa tàn. Ilé iṣẹ́ ńlá á gbé iná kún iná. Micheaux ní tirẹ̀ máa ń yá ilé ènìyàn yà, ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé àti pátákó tó ń dá oòrùn padà ló fi ń ṣe é. Láti nǹkan bí 1926 ni panchromatic, tó rí gbogbo àwọ̀, ti wọ́pọ̀.

Àwọn kan máa ń bú Micheaux pé ẹni pupa ló ń kó síwájú. Ẹ̀sùn náà ní ẹsẹ̀ nílẹ̀, mi ò bá a gbèjà. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fi ojú fíìmù yìí dá awọ ara ẹnikẹ́ni mọ̀, títí kan Preer. Bó ṣe rí lójú fíìmù kì í ṣe bó ṣe rí lójú pópó.

Olóòótọ́_Òwúrọ̀

Ẹ má bínú o, mo fara mọ́ ẹni tó ní àṣejù wà níbẹ̀. Gbogbo àwíjàre yìí dára, ìsáré, gígé, káàdì, àmọ́ ọwọ́ tí obìnrin náà ń gbé sí àyà, orí tó ń dà sẹ́yìn, ìtàgé pọ́ńbélé ni. Lillian Gish, òṣèrébìnrin òyìnbó, ní àkókò kan náà ti mọ bí a ṣe ń fi ojú lásán ṣe é.

Ìyá_Sinimá

Gish ní D. W. Griffith, olùdarí fíìmù rẹ̀, àti kámẹ́rà tó ń sún mọ́ ọn títí ojú fi kún aṣọ sinimá. Ó láyè láti tún ìran kan yà títí. Micheaux kì í sábà tún un yà, fíìmù ló ń wọ́n án lówó. Bí kámẹ́rà bá dúró jìnnà tí ara hàn láti orí dé orúnkún, ìpéǹpéjú kò tó láti sọ ìtàn fún ẹni tó jókòó sẹ́yìn gbọ̀ngán. Ọwọ́ ló máa sọ ọ́.

Àmọ́ mo gbà pé kì í ṣe gbogbo ibẹ̀ ló dọ́gba. Wò ó nígbà tí Sylvia ò rí oorun sùn lóru torí ilé ìwé Piney Woods, tó ń wá $5,000 tí wọ́n á fi gba àwọn ọmọ. Kò sí ariwo kankan lára rẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tó tún wà lórí ibùsùn lẹ́yìn tí mọ́tò Elena Warwick gbá a ní Boston, ojú ló pọ̀ jù tó fi bẹ obìnrin olówó náà. Ibẹ̀ ni kí o fi han ẹni tó ní àṣejù.

Ọmọ_Ìwé_Ìpamọ́

Ohun kan tún wà tí àwọn òǹwòran máa ń fò. Ìtàn ìgbà èwe Sylvia, bí wọ́n ṣe pa àwọn Landry, ìparí fíìmù ló wà. Alma, ìbátan rẹ̀, ló sọ ọ́ fún Dókítà Vivian, ọkùnrin tó nífẹ̀ẹ́ Sylvia. Ìyẹn ni pé Preer ní láti ṣe àgbà ká tó rí i gẹ́gẹ́ bí ọmọge. Ẹ wo bó ṣe ń yẹra fún ọkùnrin nínú ìdajì àkọ́kọ́, bó ṣe máa ń fà sẹ́yìn kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án. Ẹni tó ń wò ó lẹ́ẹ̀kíní á rò pé ìwà lásán ni. Ẹni tó bá wò ó lẹ́ẹ̀kejì á mọ ibi tó ti wá.

Ìran tó le jù nìyẹn: Armand Gridlestone, òyìnbó kan, ká a mọ́ inú ilé, ó ń gbìyànjú láti fipá bá a lò pọ̀, wọ́n ń já ara wọn gbà yí tábìlì ká. Micheaux ń gé e mọ́ ti iná tó ń jó àwọn òbí tó tọ́ ọ dàgbà níta. Níbẹ̀, aṣọ ya, Gridlestone rí àpá kan láyà rẹ̀, ó sì mọ̀ pé ọmọ bíbí inú òun ni. Ẹ kíyè sí i pé kì í ṣe ojú Gridlestone nìkan ni kámẹ́rà ń wá. Preer ò mọ ohun tó dá a dúró, ó ṣì ń jà, ìjà náà ṣì wà lápá rẹ̀ nígbà tí ọkùnrin náà ti fi í sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ òṣèré á ti dúró pẹ̀lú rẹ̀.

Àwọn tó mọ̀ ọ́n kà gbà pé ìdáhùn sí *The Birth of a Nation* (1915) ni ìran yìí. Nínú ti Griffith, adúláwọ̀ ni ó ń lé ọmọbìnrin òyìnbó. Micheaux yí i padà.

Olóòótọ́_Òwúrọ̀

Ìran tábìlì yẹn, mo gbà. Ti Conrad ni mi ò gbà.

Abẹ́_Ìgbìmọ̀

Ti Conrad, èmi náà ò lè gbèjà rẹ̀ tán 😄

Àkàǹbí, bí ó bá jẹ́ ọ̀dọ́ ló máa wò ó, sọ fún wọn ṣáájú pé pípa ènìyàn láìgbẹ́jọ́ àti ìfipábánilòpọ̀ tí kò yọrí wà ní ìdá mẹ́rin ìkẹyìn. Má sì gé e. Wọ́n ti gé e tó.

Àkàǹbí_Òṣogbo

Mo gbọ́, ẹ̀gbọ́n. Ìbéèrè kan tó kù: nígbà tí fíìmù bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, ibo ni iṣẹ́ rẹ̀ wá lọ? Àwọn kan ní ohùn ló pa á tì.

Ìyá_Sinimá

Irọ́ ni. Ẹni tó ti ń sọ̀rọ̀ lórí ìtàgé láti 1920, tó ti kọrin sínú àwo, ohùn kì í ṣe ìṣòro rẹ̀. Lafayette Players kó lọ sí Los Angeles ní 1928, sí Lincoln Theatre ní Central Avenue, òun àti ọkọ rẹ̀ Edward Thompson, tí wọ́n fẹ́ra ní 1924, wà nínú wọn. Ó ṣe Sadie Thompson nínú eré ìtàgé *Rain* níbẹ̀. Ìyẹn gbé e sún mọ́ Hollywood gan-an lásìkò tí wọ́n ń wá ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ sọ.

Ipa tí wọ́n fún un ló kéré, kì í ṣe ohùn. Ní 1929 òun àti Thompson wà nínú *The Melancholy Dame*, fíìmù onírìílì méjì tí ilé iṣẹ́ Christie ṣe, níbi tí adúláwọ̀ ti ń sọ Gẹ̀ẹ́sì wíwọ́ kí òyìnbó lè rẹ́rìn-ín. Bí ẹ bá rí i, ẹ wò ó, torí pé a gbọ́ ohùn rẹ̀, ṣùgbọ́n ọlá Salome kò sí níbẹ̀. *Georgia Rose* tẹ̀ lé e ní 1930. Nínú *Blonde Venus* ti Marlene Dietrich ní 1932, ipa rẹ̀ kéré débi pé wọn ò kọ orúkọ rẹ̀ sí i.

Ó bí ọmọbìnrin kan ní oṣù kẹrin 1932. Ní oṣù kọkànlá ọdún náà, òtútù àyà pa á ní Los Angeles, ó jẹ́ ẹni ọdún 36. Ọdún yẹn náà ni Lafayette Players túká. Ọmọ náà di Sister Francesca Thompson, ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìjọ Kátólíìkì àti onímọ̀ tíátà, ìwé ìwádìí rẹ̀ ní Yunifásítì Michigan ní 1972 sì dá lórí Lafayette Players. Bí o bá ń wá ohun tí Preer fúnra rẹ̀ kọ, ìwé ìròyìn *Pittsburgh Courier* ti 1927 ni kí o lọ yẹ̀ wò, ó kọ̀wé síbẹ̀ nípa iṣẹ́ fíìmù rẹ̀.

Iná_Náítírétì

Ẹnì kan á bi ọ́ léèrè pé báwo ni fíìmù mẹ́jọ ṣe lè sọnù bẹ́ẹ̀. Orí náítírétì, irú fíìmù àtijọ́ tó tètè ń gbiná, ni wọ́n yà wọ́n. Ó ń jó, omi ò sì ń pa á, torí pé ó ń mú afẹ́fẹ́ iná jáde látinú ara rẹ̀. Bí kò bá jó, ó ń jẹrà: àwòrán á ṣá, á máa lẹ̀, á yọ ìfófòó, á gan, á wá di ìyẹ̀fun àwọ̀ ilẹ̀. Ooru àti ọ̀rinrin ń mú un yára. Kódà àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ò bọ́ níbẹ̀. Ìwádìí tí Library of Congress gbé jáde ní 2013 fi hàn pé nínú fíìmù gígùn aláìlóhùn 10,919 tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà, ìdá 14 nínú ọgọ́rùn-ún ló kù bí wọ́n ṣe ṣe é.

Ti Micheaux tún burú jù, nítorí pé ẹ̀dà rẹ̀ kò pọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó máa ń gbé àwòrán òṣèré dání lọ bá àwọn oníbi ìwòran láti ìlú dé ìlú, á gba àsanlẹ̀, á fi ṣe fíìmù tó kàn. Ẹ̀dà kan náà ló ń lọ láti ilé ìwòran kan sí òmíràn títí ihò ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fi ya. Èyí tó lọ sí Madrid ló yè, torí pé ibẹ̀ ló dúró sí. *The Symbol of the Unconquered* náà, Bẹ́ljíọ̀mù ni wọ́n ti rí i.

Àkàǹbí_Òṣogbo

Àwòrán wo ni kí n wá lẹ̀ sára ìwé ìkéde? Oríṣiríṣi ló wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, gbogbo wọn ni wọ́n kọ *Within Our Gates* sí lábẹ́.

Àtíkè_àti_Iná

Yà wọ́n sọ́tọ̀ báyìí. Ojú fíìmù aláìlóhùn jẹ́ mẹ́rin ní ìbú sí mẹ́ta ní gíga. Bí àwòrán náà bá gùn lóòró, tí ẹnì kan ṣoṣo jókòó tó ń wojú ẹ, tí irun orí rẹ̀ hàn fọ́ọ́nrán fọ́ọ́nrán, ilé ayàwòrán ni wọ́n ti yà á, kì í ṣe inú fíìmù. Bó bá fẹ̀, tó sì mọ́ kedere ju fíìmù lọ, tí gbogbo òṣèré sì dúró jẹ́ẹ́, àwòrán ìpolówó ni, wọ́n fi kámẹ́rà ńlá yà á níbi iṣẹ́. Èyí tó bá jẹ́ ti inú fíìmù gan-an máa ń ní ìlà tó ha lóòró àti àmì ìjẹrà lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Láti dáàbò bo ara rẹ, dá fíìmù náà dúró fúnra rẹ, ibi tó wà lórí ibùsùn ní Boston dára. Gé e jáde láìfa ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gùn, kí o sì kọ "Evelyn Preer, *Within Our Gates*, 1920" sí i lábẹ́. Má fi kọ̀ǹpútà kun àwọ̀ sí i o. Ẹ̀rọ yẹn ò mọ̀ pé pupa ni èyí tó di dúdú.